Dàírẹ́kítọ̀ Kòtò Amọ̀ Funfun

Bí ẹ bá kí Gàrúbà ní "Bàbá Ṣàmsúdéènì" ní Àpòmù lọ́dún kejì òmìnira, ẹ kí i lásán ni. Dàírẹ́kítọ̀ ló fẹ́ kí ayé máa pe òun. Ó ra akẹtẹ̀ òyìnbó kan ní Ìbàdàn, ó ń dé e nínú oòrùn, ó ń dé e nínú òjò, ó sì ń dé e jẹun.

Kòtò amọ̀ funfun tó wà lẹ́yìn agbo ilé wọn ló ń gùn ún. Láti ayé baba wọn, àwọn obìnrin ilé ló ń wa amọ̀ náà. Wọn a rẹ ẹ́, wọn a sẹ́ pupa inú rẹ̀ kúrò, wọn a fi kun ilé bí Iléyá bá ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Gàrúbà gbọ́ pé ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn ń wá irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ láti fi ṣe abọ́ tánganran. Ọjọ́ kejì ni ọba amọ̀, onílé abọ́ tí kò tíì mọ abọ́ kan ṣoṣo, fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí kòtò gbogbo ẹbí ká.

"Iléyá ti dé tán," ni Sàlámọ̀tù, ìyàwó àbúrò rẹ̀, wí. "Kí la fẹ́ fi kun ilé, Bàbá Ṣàmsúdéènì?"

"Ilé kẹ̀!" Gàrúbà bú sẹ́rìn-ín. "Ìwé, ọ̀dà, rọ́bà, àtíkè tí ẹ ń fọ́n sọ́rùn, irú amọ̀ mi ni wọ́n ń dà sí gbogbo rẹ̀! Ẹni tó bá tún fọwọ́ kàn án, ọlọ́pàá ni yóò bá a sọ̀rọ̀."

Kò pẹ́ tí ìròyìn dé pé àwọn ará ilé iṣẹ́ ń bọ̀ wá wo amọ̀. Bí ó bá wù wọ́n, ó parí fún àwọn obìnrin nìyẹn. Àmọ́ amọ̀ inú kòtò pọ́n díẹ̀. Àwọn obìnrin ló mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, Gàrúbà kò sì ní bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má baà ní àwọn ní ìpín. Ló bá gun àjà, ó kó láfún ìyàwó rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó ń pò ó mọ́ amọ̀.

Nàfísátù ìyàwó rẹ̀ figbe ta. "Láfún tí a ó jẹ nìyẹn o!"

"Panu mọ́. Òyìnbó ni wọ́n máa rán wá. Òyìnbó wo ló mọ láfún?"

Nígbà tí ọjọ́ pé, èrò Àpòmù àti Ìkirè kún ojúde, Gàrúbà fúnra rẹ̀ ló sì pè wọ́n. Mọ́tò dúró. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ kì í ṣe òyìnbó. Ọ̀gbẹ́ni Titus tí ilé iṣẹ́ rán wá ni, ó dúdú, ó ń dán. Gàrúbà tún akẹtẹ̀ rẹ̀ dé.

"Ó funfun dáadáa," ni Titus wí. "Àmọ́ amọ̀ abọ́ kò gbọdọ̀ dúdú nínú iná. Ẹ jẹ́ ká dán an wò."

"Ṣé ó wá tó iná ni?" Gàrúbà sáré bèèrè.

Titus ti mọ díẹ̀ ní róbótó, ó ti sọ ọ́ sínú ẹ̀yinná tí Nàfísátù fi ń dáná nítòsí. Èéfín rú. Òórùn ọkà tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò gba ojúde kan. Nígbà tí Titus fi ẹ̀mú yọ ọ́, ó ti dúdú bí èédú. Ó gbé e sún mọ́ imú.

"Bàbá, ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Láfún ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà."

Sàlámọ̀tù bá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú Gàrúbà, bí ìyàwó ilé gidi.

"Dàírẹ́kítọ̀, ẹ kú iṣẹ́ oúnjẹ. Ṣé ẹ̀fọ́ ni kí n bù sí i ni, àbí ilá?"

Ẹ̀rín bú gbàù. Àwọn àgbà ọkùnrin ń di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú. Titus pàápàá rẹ́rìn-ín wọ mọ́tò, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn obìnrin kò dúró. Wọ́n gbé agbọ̀n, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé lọ síbi kòtò, èrò àti Gàrúbà sì tẹ̀lé wọn. Wáyà há mọ́ ìró Sàlámọ̀tù.

"Ẹ bá wa gbé e sókè, Bàbá," ni ó wí, "ká má fa ìró ya."

Gàrúbà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé wáyà náà sókè, ó sì dì í mú títí obìnrin tó kẹ́yìn fi wọlé.