Oníkéèkì Pe Télọ̀ Lẹ́jọ́ Nítorí Ọkọ̀ Pupa

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, kò fi ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́, táyà ló fi wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀ sí àgbàlá níwájú Kábíyèsí àtàwọn ìjòyè. Ọ̀kan pupa, ó kéré, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ju méjì lọ, imú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ẹni ń wá ìjà. Èkejì ní àwọ̀ eérú, ó gùn, ó fẹ̀, ó dákẹ́ bí àgbà tó jẹun yó. Obìnrin kan dúró láàárín méjèèjì, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Oníkéèkì ni. Ọkọ rẹ̀, télọ̀, dúró ti èyí pupa, ó gbọ́wọ́ lé e lórí bí ẹni di ọmọ rẹ̀ mú kí wọ́n má gbà á.

Oníkéèkì ti pinnu láti ilé pé òun kò ní sunkún, òun kò sì ní pariwo. Èkíní nìkan ló rí mú ṣẹ.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀! Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí!"

"Ṣé ó nà ọ́ ni?"

"Kò nà mí."

"Àbí ó fẹ́ ìyàwó lé ọ?"

"Ó rà á ni, Kábíyèsí! Òun ló dúró síbẹ̀ yẹn, tó pupa fòò!"

Gbogbo ojú yí sí ọkọ̀ náà. Ọ̀tún, àgbà ìjòyè tó ti ń tòògbé láti àárọ̀, la ojú kan.

"Ṣàlàyé," ni Kábíyèsí wí.

"Nígbà tí ọkọ̀ wa àtijọ́ kú, àwa méjèèjì la jọ jókòó sídìí tábìlì, la jọ fẹnu kò pé èyí eérú yìí la máa rà. Ó ń yí jíà fúnra rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ rọ̀, búùtù rẹ̀ gba kéèkì alájà mẹ́ta láìfara kan ibì kankan. Èmi náà á sì lè wà á, torí irú rẹ̀ ni mo fi kọ́ ọkọ̀, irú rẹ̀ ni mo fi gba láísẹ́ǹsì. Kéèkì wà nínú ààrò lọ́jọ́ náà, mi ò lè kúrò nílé, ni mo bá ní kí ọkọ mi lọ gbé e wá. Nígbà tó yá, mo gbọ́ fèrè ọkọ̀, mo sáré jáde. Háà! Pupa! Ilẹ̀kùn méjì! Jíà tí wọ́n ń fọwọ́ já! Mo ní, 'Olówó orí mi, ọkọ̀ wa dà?' Ó ní, 'Òun ló ń wò ọ́ yẹn.'"

"Télọ̀, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Kábíyèsí, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ẹ̀bi ẹsẹ̀ òsì mi ni."

Gbogbo ojú wálẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì télọ̀.

"Kí ni ẹsẹ̀ òsì rẹ ṣe?"

"Kábíyèsí, láti kékeré tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹsẹ̀ òsì mi kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìsinmi. Mo jókòó sínú ọkọ̀ eérú yẹn, ẹsẹ̀ ọ̀tún ríṣẹ́ ṣe, ó ń tẹ iná, ó ń tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ òsì wá iwájú, ó wá ẹ̀yìn, kò rí nǹkan kan tẹ̀. Ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n! Mo ní yéè, ẹsẹ̀ mi ń kú lọ. Mo sáré bọ́ sínú èyí pupa, mo fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan péré, ara ẹsẹ̀ wálẹ̀."

"Torí ẹsẹ̀ kan lo ṣe ra odindi ọkọ̀?"

"Torí odindi ara mi ni, Kábíyèsí. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bí télọ̀. Ọkọ̀ pupa yìí, aṣọ tí wọ́n wọn ènìyàn kí wọ́n tó rán ni. Ó gbá mi mọ́ra láyà, ó mú mi ní ìbàdí. Èyí eérú yẹn, aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ ni, èèyàn mẹ́ta á wọ̀ ọ́, wọn ò ní mọ̀ pé àwọn jọ wà nínú rẹ̀."

"Èèyàn mẹ́ta la wà nílé!" ni oníkéèkì ké. "Èmi, ẹ̀yin, àti màmá mi!"

Ọ̀tún la ojú kejì. "Èyí pupa yìí, ṣé ó ń sáré?"

"Bàbá, ẹ ó ti débẹ̀ kí ẹ tó rántí ibi tí ẹ ń lọ."

"Hẹ̀n-ẹ́n!" ni Ọ̀tún wí, ó sì jókòó dáadáa.

Kábíyèsí wúkọ́ sí i. "Oníkéèkì, ọkọ̀ ń sáré, ọkọ rẹ ń wà á, ó ń gbé ọ kiri. Kí ló wá ń dùn ọ́?"

"Kéèkì ni, Kábíyèsí! Sátidé tó kọjá, mo gbé kéèkì ìgbéyàwó alájà mẹ́ta lé itan nínú nǹkan yìí, torí kò wọ búùtù. Àjà mẹ́ta la gbé kúrò nílé. A kan gegele àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà, ó ku méjì. Ọkọ mi ń já jíà, ó ń yà, ó ń pa fèrè, bí ẹni tí ajá ń lé. Ọkọ àti ìyàwó tí mo fi ṣúgà mọ sórí kéèkì, ọkọ já bọ́ sábẹ́ ìjókòó, ìyàwó nìkan ló dé gbọ̀ngàn. Ìyá ìyàwó rí i, ó figbe ta, ó ní irú àmì wo nìyí!"

Àwọn ìjòyè fọwọ́ bo ẹnu. Oníkéèkì kò rẹ́rìn-ín.

"Kábíyèsí, alákòóso gbọ̀ngàn yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ mi ti ń wá. Ó ní bí kéèkì kan bá tún wó, òun á pe oníkéèkì mìíràn. Òmíràn alájà mẹ́ta wà lórí tábìlì mi báyìí, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gé e. Bí ti ọ̀la bá wó, iṣẹ́ mi wó nìyẹn."

"Kéèkì yẹn ni kò le tó," ni télọ̀ wí. "Aṣọ tí mo bá rán, ẹ jù ú láti orí òrùlé, kò ní tú."

"Ṣé aṣọ ni wọ́n máa gé jẹ níbi ìgbéyàwó?"

"Bó bá jẹ́ aṣọ ni, ì bá má wó."

Kábíyèsí ní kí oníkéèkì pe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Màmá rẹ̀ dìde, ọ̀pá lọ́wọ́, ó ń mí gúlegúle.

"Màmá, ṣé ẹ ti wọ ọkọ̀ pupa yìí rí?"

"Mo wọ̀ ọ́, Kábíyèsí. Wíwọ̀ kọ́ ni wàhálà, jíjáde ni. Ẹ̀yìn ni wọ́n kì mí bọ̀, kò sì sí ilẹ̀kùn níbẹ̀. Nígbà tí a délé, àna mi fà mí lọ́wọ́, ọmọ mi tì mí nídìí. Ẹsẹ̀ bàtà mi kan ṣì wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí."

Oníkéèkì ń mi orí. Ẹlẹ́rìí tó mọ ọ̀rọ̀ sọ nìyí.

"Ọkọ̀ náà kò dára nìyẹn?"

"Kò dára rárá!"

Télọ̀ nawọ́ sókè. "Kábíyèsí, ẹ bá mi bi màmá wa pé kí ni wọ́n sọ fún mi nígbà tí a dé ẹnu géètì, kí a tó fà wọ́n jáde."

Màmá gbójú sókè, ó ń wo òrùlé ààfin bí ẹni fẹ́ rà á.

"Màmá?"

"Mo ní... mo ní kó tún gbé mi yípo lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Màmá!" ni oníkéèkì ké.

"Ọmọ mi, mo ní ọkọ̀ náà kò dára. Mi ò ní kò dùn. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú, kò sí ohun tó tún mú ọkàn mi fò báyẹn."

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Oníkéèkì wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kéèkì tún ṣẹ̀ṣẹ̀ wó mọ́ lọ́wọ́. Ó rí i pé bí òun kò bá ṣọ́ra, télọ̀ yóò fi ẹ̀rín gba ẹjọ́ lọ.

Wọ́n pe oníṣòwò ọkọ̀, ẹni tó ta èyí pupa fún wọn, tó sì jẹ́ kí wọ́n gbé èyí eérú wá fún àyẹ̀wò. Ó wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn, títí kan ògiri.

"Nínú méjèèjì, èwo ló dára jù?"

"Pupa yìí ni, Kábíyèsí. Kì í jẹ epo, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, bí ẹ bá ṣe pàṣẹ ló ń ṣe."

"Ẹ ṣeun," ni télọ̀ wí.

"Eérú yìí ló sì dára jù. Bí ẹni jókòó nílé ni. Kò ní kẹ́ ẹ já jíà, kò ní kẹ́ ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ sáà mú ọwọ́ ọkọ̀ dání."

"Ẹ ṣeun," ni oníkéèkì wí.

"Èwo ni ìwọ alára lè rà nínú wọn?"

"Èmi? Kábíyèsí, mo mọ ibi tí mo ti kó wọn wá. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn."

Kábíyèsí tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó. "Nígbà tí télọ̀ dé ìsọ̀ rẹ, kí ló bi ọ́ nípa èyí pupa? Ó béèrè epo?"

"Rárá."

"Ó béèrè ẹ́ńjìnnì?"

"Kò tilẹ̀ ṣí i wò."

"Kí ló wá béèrè?"

Oníṣòwò ọkọ̀ wo télọ̀. Télọ̀ ń ṣẹ́jú sí i wìì-wìì bí iná ọkọ̀ tó fẹ́ yà.

"Ó ní, 'Ẹni tó fi èyí tó ń yí jíà fúnra rẹ̀ kọ́ ọkọ̀, ṣé ó lè wa èyí?' Mo ní, 'Kò lè gbé e kúrò lójú kan.' Ló bá ní, 'Ẹ bá mi dì í.'"

Ẹ̀rín tán nílẹ̀. Láti Sátidé ni oníkéèkì ti ń di ẹ̀bi ru gegele, ó ń dì í ru jíà. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ènìyàn lè fara balẹ̀ wá ọkọ̀ tí òun kò ní lè wà, kó sì fi ayọ̀ gbé e wálé.

"Ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é?" ó bi ọkọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ìyẹn gan-an ló ba télọ̀ lẹ́rù.

Télọ̀ mú etí tépù ìwọnṣọ tó fi kọ́ ọrùn, ó ń ká a, ó ń tú u.

"Nílé, ẹ̀rọ tèmi ń dún, ẹ̀rọ tìẹ náà ń po kéèkì, ó ń dún. Bí mo bá sọ̀rọ̀, o ó ní 'ẹ̀n?' Bí ìwọ náà bá sọ̀rọ̀, n ó ní 'ẹ̀n?' Inú ọkọ̀ nìkan la ti máa ń gbọ́ ara wa, nígbà tí mo bá ń gbé ọ lọ gbé kéèkì fún àwọn oníbàárà. Bí o bá wá ní kọ́kọ́rọ́ tìẹ, kí lo tún fẹ́ fi mí ṣe? Wàá kàn máa juwọ́ sí mi lójú fèrèsé ni, ó dàbọ̀."

Ìjòyè kan fa imú. Màmá ní, "Ẹ wò ó, ó ṣe mí láàánú."

Oníkéèkì gbọ́ ọkàn ara rẹ̀ tó ń rọ̀. Ó kì í mọ́lẹ̀ kíá.

"Torí kí a lè máa sọ̀rọ̀ ni?"

"Torí ẹ̀ ni."

"Sátidé tó kọjá ńkọ́? Láti ilé dé gbọ̀ngàn, kí lẹ bá mi sọ?"

Télọ̀ tún ká etí tépù náà. "Mo ní, 'Dì í mú.'"

"Lẹ́yìn ìyẹn?"

"Mo ní, 'Ṣebí mo ní kó o dì í mú!'"

Kábíyèsí àtàwọn ìjòyè forí korí. Ọ̀tún ló kọ́kọ́ dábàá: ó ní kí wọ́n gba ọkọ̀ pupa lọ́wọ́ gbogbo wọn, kí òun máa bá ìlú tọ́jú rẹ̀, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́.

"Ọ̀tún, ẹ padà sùn," ni Kábíyèsí wí. Ó wá gbóhùn sókè. "Ẹ gbọ́ ìdájọ́! Oníṣòwò ọkọ̀, kí ni òfin ìsọ̀ rẹ lórí pípààrọ̀ ọkọ̀?"

"Bí ọ̀sẹ̀ kan kò bá tíì pé, Kábíyèsí, a máa ń pààrọ̀. Tiwọn kò tíì pé, iye kan náà sì ni ọkọ̀ méjèèjì."

"Gba pupa rẹ padà. Màmá, ẹ yọ bàtà yín. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ eérú, ọwọ́ oníkéèkì ni yóò wà. Télọ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò gbọdọ̀ lá àlá rẹ̀."

Oníkéèkì kúnlẹ̀. Télọ̀ wojú ilẹ̀.

"Kò tíì tán. Gbogbo ìgbà tí oníkéèkì bá ń gbé kéèkì lọ, ìwọ télọ̀ yóò jókòó tì í. A kò gbọdọ̀ gbọ́ 'rọra' lẹ́nu rẹ, a kò gbọdọ̀ gbọ́ 'wo iwájú'. Ṣebí ọ̀rọ̀ lo ní o fẹ́? Ní ìrìn kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí, wàá sọ ìtàn kan tí ìyàwó rẹ kò gbọ́ rí. Bó bá ti gbọ́ ọ rí, kó dá ọkọ̀ dúró, kó o bọ́ sílẹ̀, kó o máa fẹsẹ̀ bọ̀."

Télọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ẹ kúkú tì mí mọ́lé! Mo ti sọ gbogbo èyí tí mo mọ̀ fún obìnrin yìí tán kó tó fẹ́ mi! Òun ló jẹ́ kó fẹ́ mi!"

"Wá òmíràn," ni Kábíyèsí wí.

Oníkéèkì gba kọ́kọ́rọ́. Ó jókòó, ó tún dígí ṣe, ó nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ kó tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Télọ̀ jókòó tì í. Màmá ti wà lẹ́yìn, ilẹ̀kùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, bàtà rẹ̀ pé méjì. Ọkọ̀ náà ṣí lọ bí òróró. Ó gun gegele àgbàlá ààfin, ó sọ̀ kalẹ̀, oníkéèkì kò tilẹ̀ mọ ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀. Ó ro kéèkì tó wà lórí tábìlì rẹ̀ nílé, ó rí àjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú ọkàn, kò sí èyí tó mì. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Sátidé.

Wọ́n dé ẹnu géètì. Ọkọ̀ dúró gbọnrangandan. Ilẹ̀kùn ṣí, télọ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Kí ló tún dé?" ni Kábíyèsí ké láti orí ìjókòó.

Oníkéèkì yọrí lójú fèrèsé. "Ó ní, 'Ǹjẹ́ mo ti sọ fún ọ rí bí ṣòkòtò ṣe ya mọ́ mi nídìí lójú ọ̀pọ̀ èrò?'"

"Ṣé o ti gbọ́ ọ rí?"

"Kábíyèsí, ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni! Ìbòrí mi ni mo yọ bò ó!"

Ó tẹ iná. Télọ̀ ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, tépù ń fò lọ́rùn rẹ̀. "Dúró, mo ti rántí òmíràn! Rọra! Ìwọ obìnrin yìí, mo ní rọra!"

"Ó ti sọ 'rọra'," ni Ọ̀tún wí.

"Mo gbọ́," ni Kábíyèsí wí. "Ẹ yáa ti géètì, kó má baà padà wá pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn."