Ọkọ̀-Mọ̀-Mí àti Bùútù Tó Ń Gba Ẹrù

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé a kórìíra ọkùnrin náà, mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ pé a kò kórìíra rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ń bá irú rẹ̀ gbé inú ilé alájà mẹ́rin kan náà, tó wá ń kórìíra rẹ̀, ńṣe ló ń fi ìgbádùn ọ̀fẹ́ ṣòfò.

Ọkọ̀-Mọ̀-Mí là ń pè é. Òun alára ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Láti ọjọ́ tó ti ra ọkọ̀ tuntun yẹn, kò sí gbólóhùn mìíràn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí ẹ ní ẹ káàárọ̀ sà, á ní, "Káàárọ̀. Ṣé o rí ọkọ̀ yẹn nísàlẹ̀? Ọkọ̀ yẹn mọ̀ mí." Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn. A tún wá fi oríkì díẹ̀ lé e, kó má baà dà bí orúkọ lásán: Ọkọ̀-Mọ̀-Mí, baba bùútù, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń dún kí òun fúnra rẹ̀ tó sọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ dùn sí i púpọ̀. Ó rò pé à ń yin òun ni.

Ní ti iṣẹ́, igbákejì alákòóso ni ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń tẹ fọ́ọ̀mù. Lórí káàdì tó ń pín kiri, wọ́n kọ ALÁKÒÓSO gàdàgbà gàdàgbà. "Igbákejì" wà níwájú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí i ní láti mú awò ojú dání.

Kí n má parọ́, ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò burú. Ó ní àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń fura, àwọn tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀, káàkiri ara rẹ̀. Bí ẹni tó ni ín bá ra nǹkan lórí fóònù, kò ní láti jókòó sílé de ẹni tó máa gbé e wá. Agbẹ́rù á wá síbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí, á na fóònù tirẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ọkọ̀ á dá a mọ̀, bùútù nìkan á sì ṣí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló ní láti gbé ẹrù sínú rẹ̀. Bó bá ti pa á dé, ọkọ̀ á ti ara rẹ̀ padà, á sì ránṣẹ́ sórí fóònù ọ̀gá rẹ̀ pé ẹrù ti dé. Sẹ́ńsọ̀ kan tún wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì bùútù náà tó mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó, tó sì ń fi iye kílò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù.

Gbogbo èyí ni Ọkọ̀-Mọ̀-Mí máa ń ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣèèṣì dúró. Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, bàbá tó ń gbé ìsàlẹ̀ pátápátá, ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá.

"Bí eṣinṣin bá bà sínú bùútù yìí," á ní, "ọkọ̀ á sọ fún mi bóyá ó ti jẹun tàbí kò tíì jẹ."

Ọgbọ́n kejì tó ń fi ọkọ̀ náà dá, ìyẹn ni kò ṣàlàyé fún ẹnì kankan.

Bí ẹrù bá ti wọ bùútù, á sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, á gbé e gòkè lọ. Á tún sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, á ṣí bùútù, á ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe ṣófo. Á wá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ agbẹ́rù, á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹrù ni mo retí. Kápẹ́ẹ̀tì ni mo rí." Ilé-iṣẹ́ náà kò fẹ́ wàhálà oníbàárà tó lè kọ̀wé báyìí. Wọ́n á fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí gbogbo nǹkan inú ilé ọkùnrin yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bí ìbejì nìyẹn. Áyọ́ọ̀nù di méjì. Kẹ́tù iná di méjì. Fáànù méjì kọjú síra wọn ní pálọ̀, wọ́n ń fẹ́ ara wọn. Ìyàwó rẹ̀ béèrè ibi tí èkejì ti ń wá. Ó ní ìpèsè ni. Ìyàwó náà kò béèrè mọ́, ó kàn ń wá ibi tí yóò máa to ìpèsè sí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn ni Àǹtí Ẹlẹ́rù. Òun ló ń gbé ẹrù wá sí àdúgbò wa láti ọdún mẹ́rin, ọmọ méjì ló sì ń fi iṣẹ́ náà dá tọ́. Ó mọ ọkọ̀ wa ju àwa tí a ni wọ́n lọ. Òun ló sọ fún mi rí pé táyà ẹ̀yìn mi ti ń rọ̀, èmi tí mò ń wà á kò mọ̀. Ilé-iṣẹ́ wọn sì ní òfin kan: bí ẹrù mẹ́ta bá sọnù lọ́wọ́ agbẹ́rù láàárín oṣù kan, kó gba ìwé kó máa lọ sílé.

Láti bí oṣù márùn-ún ni Ọkọ̀-Mọ̀-Mí ti ń ṣe tirẹ̀, ẹyọ kan péré lóṣù kọ̀ọ̀kan. Oṣù yìí ni ojúkòkòrò kò jẹ́ kó lè ka oṣù mọ́. Ẹrù méjì ti "sọnù" kó tó di àárín oṣù. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, bùlẹ́ńdà sọnù, ó di mẹ́ta.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àǹtí Ẹlẹ́rù gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ọkọ̀-Mọ̀-Mí. Ó ní òun gbé e sínú bùútù, òun pa á dé, òun gbọ́ nígbà tó tì. Ó ní bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣèèṣì gbé e gòkè tí wọ́n gbàgbé, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun wá a. Ọkọ̀-Mọ̀-Mí fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán. Ó ní inú òun kò dùn sí i rárá, òun á máa fi í sínú àdúrà.

"Ṣùgbọ́n kó yé ọ," ó ní. "Èmi kọ́ ni mò ń lé ọ lẹ́nu iṣẹ́. Òtítọ́ ló ń lé ọ."

Ó wá rọra ti ilẹ̀kùn. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà, bùlẹ́ńdà ń kùn lọ́wọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, alábòójútó láti ilé-iṣẹ́ agbẹ́rù dé. Òfin ni pé kí wọ́n tó lé ẹnikẹ́ni, wọ́n gbọ́dọ̀ wá gbọ́ tẹnu olúkúlùkù níbi tí ẹrù ti sọnù. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ohùn rẹ̀ kò ju ohùn ẹni tó ń gbàdúrà sínú lọ, ó sì gbé fóònù kan tó tóbi bíi síléètì dání.

Ó ṣẹlẹ̀ pé gbogbo wa ní iṣẹ́ láti ṣe ní ibi ìgbọ́kọ̀sí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹnì kan ń fọ ọkọ̀ tó ti fọ̀ lánàá. Èmi ń wo táyà mi. Olùkọ́ Fẹ̀yìntì ní tirẹ̀ kò fi nǹkan kan bojú, ó gbé àga jáde, ó jókòó.

Ọkọ̀-Mọ̀-Mí sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó pín káàdì fún alábòójútó, ó sì sọ ẹjọ́ rẹ̀. Àǹtí Ẹlẹ́rù náà sọ tirẹ̀.

"Ọ̀gá," ni alábòójútó wí, "sẹ́ńsọ̀ irú àwọn ọkọ̀ yìí máa ń bàjẹ́ nígbà míì. Bí ẹ bá lè buwọ́ lù ú pé ó ṣeé ṣe kí tiyín ní àléébù, ọ̀rọ̀ parí síbí. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Àǹtí á padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin náà á gba bùlẹ́ńdà yín."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n là fún ọkùnrin yìí. Ó fẹ̀, ó tẹ́jú, wọ́n ti gbá a mọ́ fún un. Kó kàn gbẹ́sẹ̀ ló kù.

"Àléébù?" ó ní.

"Ó lè jẹ́ kékeré, sà."

"Nínú ọkọ̀ mi?"

Ó yíjú, ó wò wá. Wíwò yẹn ló bà á jẹ́. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò tíì sọ fún pé ọkọ̀ náà kì í ṣìṣe.

"Kò burú, Ọ̀gá," Olùkọ́ Fẹ̀yìntì fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ láti orí àga. "Ọkọ̀ tèmi náà ní àléébù. Àwọn ọkọ̀ méjèèjì ti di ẹgbẹ́ nìyẹn."

Okùn ni Olùkọ́ fi ń so ilẹ̀kùn ọkọ̀ tirẹ̀.

"Ẹ má fi ọkọ̀ mi wé ẹrù okùn, bàbá," ni Ọkọ̀-Mọ̀-Mí wí. Ó kọjú sí alábòójútó. "Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ mi kò ní àléébù kankan."

Alábòójútó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kó buwọ́ lù ú, ó buwọ́ lù ú. Alábòójútó wá ní ọ̀nà kan ló kù, pé kí àwọn ka ohun tí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti kọ pamọ́, ṣùgbọ́n àwọn kò lè kà á bí ẹni tó ni ín kò bá gbà.

Ọkọ̀-Mọ̀-Mí rẹ́rìn-ín. Ó ti nu gbogbo iṣẹ́ tí ọkọ̀ rán sí i kúrò lórí fóònù rẹ̀, ohun tó bá sì kúrò lórí fóònù rẹ̀, ó gbà pé ó ti kúrò láyé. Ní ti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ bá ṣí bùútù, ó dá a lójú pé ọkọ̀ kì í ka ìyẹn.

"Ẹ kà á," ó ní. "Ọkọ̀ yìí mọ̀ mí. Kì í ka tèmi mọ́ ti àlejò."

Alábòójútó fọwọ́ ra síléètì rẹ̀ títí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni ń ka ìwé ìkéde.

"Lánàá. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá: agbẹ́rù ṣí bùútù. Kílò méjì ààbọ̀ wọlé. Bùútù tì."

Àǹtí Ẹlẹ́rù mí kanlẹ̀.

"Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún: kọ́kọ́rọ́ ẹni tó ni ọkọ̀ ṣí bùútù. Kílò méjì ààbọ̀ jáde. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n: kọ́kọ́rọ́ ẹni tó ni ọkọ̀ ṣí bùútù. Kò sí ohun tó wọlé, kò sí ohun tó jáde." Ó gbójú sókè. "Ó jọ pé ìgbà tí ẹ ya fọ́tò nìyẹn, sà."

Ẹni tó ń fọ ọkọ̀ pa omi.

"Ṣé kò lè jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ náà ní àléébù?" Olùkọ́ Fẹ̀yìntì béèrè.

"Wọ́n ti buwọ́ lù ú pé kò ní, sà," ni alábòójútó dáhùn.

Ó tún fọwọ́ ra síléètì sẹ́yìn, títí dé oṣù márùn-ún. Ẹrù méje ló rí. Ó ní òun kò fẹ́ fa ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, kí Ọ̀gá ṣáà kó méjèèje sọ̀ kalẹ̀ báyìí. Ó ní kò sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn Àǹtí mọ́, òun ni kó sì gba ẹrù náà wọlé.

Ilé wa kò ní ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè. Ọkọ̀-Mọ̀-Mí fi ẹsẹ̀ gun àjà mẹ́ta, ó gbé bùlẹ́ńdà sọ̀ kalẹ̀. Àǹtí Ẹlẹ́rù sàmì sí ìwé. "Ẹ ṣé, sà. Ó ku mẹ́fà." Ó gbé áyọ́ọ̀nù wá. "Ẹ ṣé, sà. Ó ku márùn-ún." Kò rẹ́rìn-ín, kò gbóhùn sókè, kò yọ "sà" kúrò níbì kankan. Nígbà tó kan fáànù, ìyàwó yọjú lójú fèrèsé òkè, ó ń béèrè bóyá ìpèsè ìṣáájú ni kí òun mú tàbí ìpèsè ìkẹyìn.

Nígbà tó gbé ẹ̀kẹfà dé, ó ti bọ́ kóòtù. Ó ní ó tán.

"Ó ku ẹyọ kan, sà," ni Àǹtí Ẹlẹ́rù wí. Ó wo ìwé. "Bàtà aláwọ̀ dúdú, nọ́ńbà mẹ́rìnlélógójì."

Gbogbo wa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀-Mọ̀-Mí ní bàtà tí wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ti wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun, ẹ̀gbọ́n òun sì ti rìnrìn àjò. Ó wo alábòójútó. Alábòójútó ń wo ojú ọ̀run.

Ó ṣí bùútù ọkọ̀ rẹ̀, ó jókòó sí etí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà. Fóònù rẹ̀ dún. Bó ti mọ́ ọn lára láti máa ka iṣẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá rán sí wa létí, ó kà á jáde kó tó rántí ibi tó wà.

"Kílò mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ti wọlé."

Àǹtí Ẹlẹ́rù gba bàtà náà, ó gbọn eruku ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó tò wọ́n sínú páálí. Ó ní ó pé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá, ó sì wa ọkọ̀ ẹrù tirẹ̀ lọ nítorí pé ẹrù mọ́kànlá ló kù tó gbọ́dọ̀ fi jíṣẹ́ kó tó di ọ̀sán.

Ọkọ̀-Mọ̀-Mí ń gòkè lọ. Ibọ̀sẹ̀ kì í dún lórí símẹ́ńtì. A tẹ́tí títí ó fi dé àjà kẹta, a kò gbọ́ nǹkan kan.