Oró Aláǹtakùn fún Ojú Bàbá Kazeem

Mo búra, òótọ́ pọ́nńbélé ni ìtàn yìí. Ibi tí òótọ́ náà bá ti kúrú nìkan ni mo fà á gùn díẹ̀.

Ní Banjul, olú-ìlú Gambia, nígbà tí Bathurst, orúkọ rẹ̀ àtijọ́, ṣì máa ń bọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, Bàbá Kazeem tó ń ta tìróò ní ìlú Serrekunda nítòsí ibẹ̀ lọ bá Mùtíàt, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níbi iṣẹ́. Dókítà tó ń fi oró aláǹtakùn ṣe ìwádìí ojú ẹja ni Mùtíàt ń bá ṣiṣẹ́. Kùrukùru ti bo ojú méjèèjì Bàbá, ṣùgbọ́n ta ni yóò ra tìróò lọ́wọ́ afọ́jú? Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé oògùn ojú ni oró náà.

"Kán oró yẹn díẹ̀ fún mi. Oníbàárà kan fẹ́ fi sójú."

"Oníbàárà wo, Bàbá?"

"Àgbàlagbà kan. Arẹwà ọkùnrin."

Mùtíàt ṣàlàyé pé ní ẹ̀yìn ẹyinjú, iṣan kan á rán iṣẹ́, èkejì á ṣílẹ̀kùn gbà á, kí èèyàn tó ríran. Oró náà ló máa ń ti ilẹ̀kùn yẹn pa, kí dókítà lè mọ ibi tí iṣẹ́ ń gbà wọlé. Bàbá ní òun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó já òun lẹ́nu ọmú.

"Ẹja tí wọ́n fi oró sí lójú wá ń kọ́? Ṣé ó ń ríran dáadáa?"

"Ojú nìkan ló wà lórí tábìlì, Bàbá. Ìyókù ti wọ ìkòkò ìrẹsì."

Bàbá fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Oníbàárà náà á ṣì ní sùúrù."

Mùtíàt wò ó títí. Ó fi ìgò kékeré kan lé e lọ́wọ́, ó ní kó bá òun wo aláǹtakùn inú rẹ̀, bóyá akọ ni tàbí abo. Bàbá gbé e dé ẹnu imú.

"Abo ni. Wo bó ṣe ká ẹsẹ̀ jọ. Irú rẹ̀ kan bá mi jà lánàá, mo sì dá a."

"Dàbínù tí mo fẹ́ fi ṣínu ni, Bàbá."

Bàbá gbé ìgò náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, níbi tí tábìlì kò dé. Ó fọ́.

Mùtíàt dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní àwọn dókítà ojú ní ilé ìwòsàn máa ń ṣí irú kùrukùru bẹ́ẹ̀ kúrò, kí àwọn máa lọ nísinsìnyí.

"Àwọn oníbàárà mi á rí mi."

"Ẹ̀yin kò sáà ní rí wọn."

Bàbá rò ó. "Ó dáa. Máa ṣáájú. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, sọ pé èmi ni mò ń mú ọ lọ."

Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi Rohey, obìnrin tó ń ta ẹ̀pà ní àdúgbò Box Bar. Ó wà láàyè. Iwájú rẹ̀ ni wọ́n gbà kọjá lọ́jọ́ náà, tí Bàbá Kazeem sì tẹríba kí i: "Àlàájì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ìyàwó ń kọ́?"