Pátákó Àwẹ̀ró Ọlọ́mọ́ínmọ́ín

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, ẹni tó bá ní kí ayé tọ́ òun wò, kó rántí pé ayé léyín? Ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ mọ́ínmọ́ín ni.

Opó ni Àwẹ̀ró. Mọ́ínmọ́ín tó ń kiri ló fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé àwọn obìnrin ń bọ̀ lọ́jà, láti yan ẹni tí yóò máa se mọ́ínmọ́ín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bí Àwẹ̀ró bá rí iṣẹ́ náà gbà, ó bọ́ lọ́wọ́ ìkiri nìyẹn.

Sàfúrátù, tí òun náà ń ta mọ́ínmọ́ín, ti gbé pátákó kan tí wọ́n kọ òwe òyìnbó sí síta. Ni Àwẹ̀ró bá ké sí Láníhùn, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì.

Láníhùn ka ti Sàfúrátù, ó yínmú. "Wọ́n ní ẹ̀rí wà nínú púdìn. Ìranù! Òyìnbó ń pe mọ́ínmọ́ín ní púdìn lóòótọ́, àmọ́ wọn kì í pa òwe náà báyẹn. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé, àfi kéèyàn jẹ púdìn kó tó rí ẹ̀rí pé ó dùn."

"Ẹ bá mi kọ èyí tó pé, bàbá. N ò fẹ́ àbọ̀."

Ó kọ ọ́. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Gààrí la máa ń bù sẹ́nu ká tó rà á. Mọ́ínmọ́ín wà nínú ewé. Ẹni tó bá tú u ti rà á nìyẹn. Bí ọjà ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Láníhùn dúró ti pátákó rẹ̀ níwájú ìkòkò Àwẹ̀ró, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá: "Ẹ jẹ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́!"

Ọlọ́kadà kan tú ewé, ó jẹ ẹ́ tán, ó fẹ́ máa lọ.

"Ṣé o ò ní sanwó ni?"

"Ìyá, ẹ̀rí ni mo ṣì ń wá. Kò tíì yé mi tó." Ló bá tú ìkejì.

Ìyàwó alágbẹ̀dẹ sọ pé ti ìsàlẹ̀ ìkòkò ló máa ń dùn jù, ó tẹ ọwọ́ bọ ibẹ̀. Ẹnì kan ra ẹ̀kọ wá, ó ní òun kì í yẹ mọ́ínmọ́ín wò lásán. Àwọn tí Àwẹ̀ró fi ọmọrí ìkòkò lé kúrò níwájú gba ẹ̀yìn padà wá. Láníhùn alára jẹ mẹ́ta, kí wọ́n má bàa ní irọ́ lòun kọ.

Ìgbà tí ọ̀gá àgbà dé, ewé nìkan ló kù.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá. Mo ka pátákó yín, ó wù mí. Àwọn tó ń kọ ọ́ bó ṣe tọ́ ò pọ̀. Ẹ fún mi lẹ́yọ kan kí n tọ́ ọ wò."

Àwẹ̀ró wo inú ìkòkò. Ó kọjú sí èrò. "Ẹ̀yin ẹlẹ́nu wọ̀nyí, ẹ sọ fún wọn bó ṣe dùn!"

Ọlọ́kadà nu ètè. "Ká má purọ́ níwájú ọ̀gá. Ẹ bá mi wá ẹyọ kan sí i, kí n lè jẹ́rìí dáadáa."

Ọ̀gá àgbà kọjá sọ́dọ̀ Sàfúrátù, tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí ìkòkò rẹ̀. Ẹyọ kan péré ló tọ́ wò. Ó gbé iṣẹ́ fún un.

"Ṣùgbọ́n òyìnbó tiwa ló dáa jù," Láníhùn ní.

Àwẹ̀ró gbé igbá ìkiri karí. "Bàbá, ẹ kọ èyí sí i lábẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ kó pé: ẹni tó bá ní kí ayé tọ́ òun wò, kó rántí pé ayé léyín."