Dàńdóógó Funfun Ọ̀jẹ́níyì

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé aṣọ funfun ní í sunkún aró, ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ní í sunkún èkejì rẹ̀ tantan? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Èmi mọ̀ ọ́n, ó sì ń tì mí lójú pé mo mọ̀ ọ́n, nítorí agbo ilé wa ni òwe náà ti jáde. Ọ̀jẹ́níyì tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, òun ló bí baba tó bí bàbá mi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo yan ilé tí wọ́n bí mi sí.

Láyé ìgbà náà, ní ìlú wa Òkè-Ìdẹ̀ra, oyè kan wà tí wọ́n ń pè ní Baba Ìlàjà. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ni yóò máa parí ìjà tọkọtaya àti ìjà ààlà oko. Aṣọ funfun ni wọ́n fi ń du oyè yìí. Ẹ rántí pé àwọ̀ mẹ́ta péré ni àwọn baba wa ń kà: funfun, pupa, dúdú. Ewé dúdú, aró dúdú, ìyeyè pupa, ó parí. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, funfun ni wọ́n gbà pé kò lè fi nǹkan pamọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ jẹ Baba Ìlàjà yóò wọ dàńdóógó funfun fún ọjọ́ méje. Yóò wọ̀ ọ́ lọ sóko, yóò wọ̀ ọ́ jẹun, yóò wọ̀ ọ́ lọ kí àna rẹ̀. Lọ́jọ́ keje, yóò wá jókòó síwájú Baálẹ̀. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò bá ní àbàwọ́n ló ni oyè.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwọn méjì ló ń du ú: Ọ̀jẹ́níyì, àti ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kò tó o lọ́jọ́ orí, Adéyanjú. Ọ̀jẹ́níyì fẹ́ oyè náà ju oúnjẹ lọ. Ó ti sọ fún gbogbo ẹbí pé òun ti jẹ ẹ́ tán, ó tilẹ̀ ti ń kọ́ bí òun yóò ṣe máa mi orí kí òun tó dájọ́. Fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko, ìdúró ló ń jẹun. Kò sì jẹ́ kí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ sún mọ́ òun rárá, nítorí aláró ni obìnrin náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgúnpá.

"Dúró síbẹ̀, Àwẹ̀ró," ni yóò wí. "Ibẹ̀ yẹn ni kó o ti kí mi."

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ keje, ó rí Adéyanjú lójú ọ̀nà, ó wo aṣọ rẹ̀ lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. Àbàwọ́n kankan kò sí níbẹ̀. Bí aṣọ méjèèjì bá sì mọ́, àwọn ará ìlú ni yóò sọ ẹni tí wọ́n fẹ́. Ọ̀jẹ́níyì mọ̀ dájú pé òun kọ́ ni wọ́n fẹ́.

Ohun tó wá ṣe ni ojú fi ń tì mí. Ó mú ahá kékeré kan, ó tì í bọ abẹ́ dàńdóógó, ó kọrí sí ìdí aró ìyàwó rẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé òun yóò bu aró díẹ̀. Tí òun bá dé ojúde Baálẹ̀, òun yóò dì mọ́ Adéyanjú bí ẹni ń kí i, òun yóò sì rọra dà á sí i létí aṣọ. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Ẹni tó fẹ́ máa parí ìjà fún ìlú!

Ọkùnrin kì í dé ìdí aró nílùú wa. Àwọn obìnrin ló ni ín, wọ́n sì gbà pé ọwọ́ ọkùnrin ń pa aró. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ ṣan aṣọ lódò. Ọ̀jẹ́níyì ṣí ìkòkò, òórùn rẹ̀ gbá a nímú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó dijú, ó ki ahá bọ̀ ọ́. Ó gbàgbé pé ọwọ́ dàńdóógó fẹ̀. Nígbà tó fi máa lajú, ọwọ́ aṣọ ti wọ inú ìkòkò, ó ti mu aró yó.

 Ó fà á yọ wàrà, ó wò ó, kò rí dúdú kankan. Ohun tó rí rí rúsúrúsú, bí omi ìyeyè tí wọ́n fún mọ́ ewé. Ó wo inú ahá, bákan náà ni. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Àwẹ̀ró ti ba aró jẹ́! Omi ewé lásán ló wà nínú ìkòkò yìí!"

Ó da èyí tó bù nù, ó dá ahá padà sábẹ́ aṣọ, ó fún ọwọ́ dàńdóógó, ó ká a, ó fi há abíyá. Ó ní bí òun bá délé, òun yóò fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ibi tí baba wa ti ṣìnà nìyẹn. Ogún ọdún ló fi ń jẹ nínú iṣẹ́ aró, kò bi ìyàwó rẹ̀ léèrè rí bí aró ṣe ń di dúdú. Gbogbo aláró ló mọ̀ pé aṣọ kì í dúdú nínú ìkòkò. Ìgbà tó bá jáde tí atẹ́gùn fẹ́ sí i ló ń dúdú, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń rántí ọ̀rọ̀.

Èrò ti kún nígbà tó dé ojúde Baálẹ̀. Ó jókòó ti Adéyanjú, ó na ọrùn. Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ òórùn.

"Ọ̀jẹ́níyì, kí ló ń rùn lára rẹ báyìí?"

"Ìdí aró ni mo gbà wá, Bàbá."

Òótọ́ ni. Ó kàn dá òótọ́ náà dúró síbẹ̀ ni.

Kò pẹ́ tí Adéyanjú fi fẹnu sí i létí. "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan ń kán lábíyá yín."

"Òógùn ni."

"Òógùn dúdú, ẹ̀gbọ́n?"

Ọ̀jẹ́níyì na apá láti fi hàn án pé kò sí nǹkan kan. Ọwọ́ aṣọ tú wálẹ̀, atẹ́gùn fẹ́ sí i. Níṣojú gbogbo ìlú, ohun tó rí bí omi ìyeyè di àwọ̀ ewé, ó di àwọ̀ òjò tó ṣú, ó di aró gidi.

"Òjìji ni," baba wa wí.

Wọ́n ní kó bọ́ sínú oòrùn. Ó bọ́ sínú oòrùn, ó tún dúdú sí i. Ó fọwọ́ nu ojú, imú rẹ̀ kó aró. Ó fi ọwọ́ aṣọ kejì nu imú, ìyẹn náà gba tirẹ̀. Àwọn obìnrin kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọn ò bò ó mọ́.

Ibi tó yẹ kó ti dákẹ́ nìyẹn. Àìmọye ìgbà ni mo ti bá a dákẹ́ níbẹ̀ nínú ọkàn mi. Ṣùgbọ́n ó fò dìde, ó nawọ́ sí Adéyanjú.

"Òun ni! Òun ló da aró sí mi lára! Ó fẹ́ gba oyè mọ́ mi lọ́wọ́!"

Bó ṣe fò dìde ni ahá já bọ́ lábẹ́ dàńdóógó. Ó yí gbirigbiri, ó lọ dúró lẹ́sẹ̀ Baálẹ̀. Inú rẹ̀ ti dúdú.

Baálẹ̀ wo ahá náà títí, ó ní kí wọ́n lọ pe Àwẹ̀ró wá lódò. Obìnrin náà dé, omi ṣì ń kán lára ìró rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó di ọwọ́ aṣọ ọkọ rẹ̀ mú, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Aró tèmi ni, Bàbá. Bí wọ́n bá da aró síni lára, yóò ta kálẹ̀ tótótó. Èyí dọ́gba dé ìgúnpá. Ńṣe ló kiwọ́ bọ ìkòkò." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ìbíyẹmí, kí lẹ wá ṣe nídìí aró mi?"

"Mo… mo gba ibẹ̀ kọjá ni."

"Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn," Baálẹ̀ wí. "Èkejì rẹ̀ ńkọ́?"

Ọ̀jẹ́níyì yíjú kúrò lọ́dọ̀ Baálẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bẹ̀. "Àwẹ̀ró, jọ̀ọ́, bá mi fọ̀ ọ́ kí n jókòó padà."

"Aró kì í ṣí, Bàbá Ìbíyẹmí. Funfun yìí ti lọ. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ kiri báyìí, ààbọ̀ dúdú, ààbọ̀ funfun, ẹ̀sín ni. Ohun tó kù ni kí n rẹ ẹ́ sínú aró látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n n ò ní rẹ ẹ́ bí ẹ ò bá sọ ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀."

Ìgbà náà ló wá sọ ọ́.

"Aṣọ Adéyanjú ni mo fẹ́ fi bà jẹ́," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Mo mọ̀ pé èmi kọ́ lẹ fẹ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó ń sunkún, omijé sì ń ṣàn lórí imú rẹ̀ tó kó aró. Adéyanjú gbójú sápá kan, torí ojú ń tì í fún un. Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀. Bí mo bá dé ibí yìí, ara mi máa ń gbóná.

Adéyanjú ló jẹ oyè lọ́jọ́ náà. Ẹjọ́ tó sì kọ́kọ́ dá, ẹjọ́ Ọ̀jẹ́níyì àti Àwẹ̀ró ni, nítorí ìkòkò aró náà kú lóòótọ́, ìkòkò ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ni Àwẹ̀ró fi rẹ dàńdóógó.

"Mo kàn fọwọ́ kàn án ni," baba wa wí.

"Ẹ̀gbọ́n," Adéyanjú fi pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn, "èkejì rẹ̀ ńkọ́?"

Ojúde Baálẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Wọ́n ní kí Ọ̀jẹ́níyì máa bá ìyàwó rẹ̀ gún ewé ẹlú títí ìkòkò mìíràn yóò fi dára. Dàńdóógó dúdú náà ló wọ̀ títí ó fi kú.

Bí òwe náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni láti agbo ilé wa bá ń ṣàlàyé níbi ìpàdé, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́ tó, àgbà kan á kàn ní, "Aṣọ funfun ní í sunkún aró." Á wá dákẹ́, á máa wò wá. Kò ní parí rẹ̀. Àwa la máa ń dorí kodò, tí a ó sì fẹnu ara wa parí rẹ̀ pé ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ní í sunkún èkejì rẹ̀ tantan.