Halvard Kó Ilé Ròde

Tó bá jẹ́ pé ẹnu la fi ń kọ́lé, Halvard nìkan ni ìbá ni gbogbo ilé tó wà ní abúlé Lauvvik. Ẹja yòówù kí ẹ pa nínú adágún, òun ti pa bàbá ẹja yẹn rí. Tíṣà ìṣirò ni kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí iṣẹ́ ọwọ́ tí kò mọ̀ ju ẹni tó ń fi í jẹun lọ.

Ọ̀rọ̀ ilé ìyá rẹ̀ ló tú u fó. Ilé onígi ni, ìtì lórí ìtì, lórí òkè, òrùlé rẹ̀ sì ti ń jò. Ìyá náà, Màmá Borghild, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́: kí yìnyín ọdún náà bọ́ bá òun lórí ibùsùn òun, nínú ilé òun.

"Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ òrùlé," ni Sunniva, àbúrò Halvard, wí.

"Òrùlé kẹ̀? Ta ló tiẹ̀ ń rí ilé yìí níbi tó wà, bí kò ṣe ewúrẹ́? A ó tú u ní ìtì kọ̀ọ̀kan, a ó sì tún un tò sétí adágún. Gbogbo ẹni tó bá wakọ̀ kọjá á máa béèrè pé, 'Ilé ta nìyí?'"

"Etí adágún?" ni Màmá bẹ̀rẹ̀. "Halvard, etí adágún yẹn..."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ ọkùnrin nìyí."

Trygve káfíńtà, tí Halvard kọ́ nílé ìwé, wá kì í nílọ̀. "Tíṣà, ìtì kan ò lè rọ́pò èkejì o. Ọ̀bẹ ni kẹ́ ẹ fi gé nọ́ńbà sára wọn."

"Ọ̀bẹ? Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi kọ́ ẹ ní ìṣirò. Ṣé o ti gbàgbé é ni?"

"Mo ti gbàgbé gbogbo ẹ̀, Tíṣà."

Halvard kò gbọ́. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ọgọ́fà ìtì igi. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Halvard kó ilé náà gan-an ròde. Bí ọkọ̀ ṣe já ìtì tó kẹ́yìn sílẹ̀ létí adágún báyìí, òjò dé. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ló fi rọ̀! Nígbà tó dá, gbogbo ìtì ti mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Kò séwu," ni Halvard wí, ó ń fọwọ́ gbá iwájú orí. "Gbogbo nọ́ńbà wà níbí."

Ó kó àwọn alágbàṣe jọ, wọ́n tò ó. Ilẹ̀kùn àbáwọlé bọ́ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

"Tíṣà," ni Trygve bi í, "ṣé àkàsọ̀ ni àlejò á máa gùn wọlé?"

"Àṣà tuntun ni! Lọ wo Oslo!"

Wọ́n tún un tú, wọ́n tún un tò. Ti ẹ̀ẹ̀kejì kò ní ilẹ̀kùn rárá, Halvard sì wà nínú. Ojú fèrèsé kan tí kò ju orí ènìyàn lọ ni Sunniva ti ń na àkàrà wáfù àti kọfí sí i. Àwọn tó ń wakọ̀ kọjá wá ń dúró lóòótọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ilé ta nìyí?"

"Ti Trygve ni!" ni Halvard dáhùn látinú lọ́hùn-ún.

Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ jáde, ìyá rẹ̀ ti gbé àga síbi tó ga díẹ̀, ó jókòó.

"Halvard, ṣé mo lè sọ̀rọ̀ wàyí?"

"Ẹ sọ ọ́, Màmá." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Yí ìtì yẹn padà, kó o ha ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ kúrò."

Ó ha á. Nọ́ńbà ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé wọnú igi. Wọ́n ha òmíràn, ó ní tiẹ̀. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, Halvard gun òrùlé kò rí i.

"Ta ló gé e?"

"Bàbá bàbá rẹ, lọ́dún tó tú ilé yìí, tó gbé e gun òkè."

"Gun òkè? Láti ibo?"

Màmá na ọ̀pá rẹ̀ sí ibi tí Halvard dúró sí. "Láti ibẹ̀ yẹn."

"Kí ló wá dé tó fi gbé e kúrò?"

Màmá tún na ọ̀pá náà sí ẹsẹ̀ Halvard. Omi adágún ti kún bàtà rẹ̀.

Trygve tẹ̀ lé nọ́ńbà ọ̀bẹ, ó sì tún ilé náà tò sórí òkè láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Yìnyín bọ́ lọ́jọ́ kejì tí Màmá padà sórí ibùsùn rẹ̀. Ayọ̀ kún inú rẹ̀.

Òrùlé ṣì ń jò o. Halvard ló ń da korobá nù.