Pupa Tó Wà ní Igun Fọ́tò

Sitúdíò kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì jọ gbà, kámẹ́rà kan ṣoṣo ni wọ́n sì jọ ń lò, nítorí kámẹ́rà ti ọkùnrin ti jábọ́ sínú odò níbi tó ti ń wá ìmísí kiri. Obìnrin ló dàgbà jù. Fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ ló ń yà, ariwo "Mo fẹ́ rí etí méjèèjì!" tó sì máa ń pa mọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ́ di Àǹtí Etí-Méjì. Ọkùnrin ní tirẹ̀ kì í ya ohun tí ojú lásán lè rí. Ojú-Inú ni wọ́n ń pè é, òun gan-an ló sì fún ara rẹ̀ lórúkọ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, Ojú-Inú wọlé pẹ̀lú fọ́tò ńlá kan tó fi aṣọ bò. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

"Àǹtí, wọ́n ti mú mi."

Àǹtí Etí-Méjì, tó ń nu lẹ́ǹsì lọ́wọ́, fò dìde. "Àwọn ọlọ́pàá?"

"Ilé àfihàn ni! Àwòrán mi ni wọ́n mú. Nínú gbogbo ayàwòrán tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, tèmi ni wọ́n máa gbé kọ́ sára ògiri àkọ́kọ́, níbi tí ẹni tó bá ń wọlé ò ti ní lè yà fún un."

"Ẹn-ẹ́n! Ó mà dára o, àbúrò mi! Ìyàwó rẹ ti gbọ́?"

"Òun ni mo kọ́kọ́ pè. Ó ní kí n ṣì má tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n òun pé mi ò wá mọ́."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó yìí kì í ṣe eré rárá. Ọdọọdún ni Ojú-Inú ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ilé àfihàn náà, ọdọọdún ni wọ́n sì ń dá a lóhùn pé àwọn dúpẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyàwó rẹ̀ là á mọ́lẹ̀ fún un: bí wọn ò bá gbà á, kó kó ìmísí rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n òun, kó lọ máa bá a ta táìsì ilé ìwẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ti ra bàtà iṣẹ́ dè é.

"Ẹ jókòó, Àǹtí. Mo fẹ́ ṣí i. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mí kanlẹ̀."

"Mo ti ń mí látàárọ̀."

"Èyí tí ẹ ń mí yẹn, mímí oníṣòwò ni. Mo ní kí ẹ mí bí ẹni tó fẹ́ bá ara rẹ̀ pàdé."

"Oníbàárà kan ń bọ̀ wá ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Ṣí nǹkan ọ̀hún, jàre."

Ojú-Inú fa aṣọ kúrò. Àga onígi kan ló wà nínú fọ́tò náà, ògiri funfun lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ àga kan ò hàn. Gbogbo rẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń tòògbé. Ní igun òkè lápá ọ̀tún, nǹkan pupa kan yọ bọ̀ ràbàtà, tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí wo fọ́tò. Ó wo àga tó wà láàárín sitúdíò. Ó tún wo fọ́tò.

"Àga àwọn oníbàárà wa rèé."

"Kì í ṣe àga mọ́, Àǹtí. Ó ti di ìbéèrè."

"Ìbéèrè wo?"

"'Ta Ló Yẹ Kó Jókòó?' Àkọlé rẹ̀ nìyẹn."

"Ẹni tó bá kàn ni."

"Ẹ rí i báyìí? Ẹ ti ń dáhùn! Bí iṣẹ́ mi ṣe ń wọ èèyàn lára nìyẹn."

"Ojú-Inú, fọ́tò tí a fi ń dán iná wò nìyí. Kí oníbàárà tó jókòó, a máa ń ya àga lófìfo ká lè mọ̀ bóyá iná ti pọ̀ jù. Láràárọ̀ la máa ń yà á, láràárọ̀ náà la sì máa ń pa á rẹ́."

"Ayé ló ń pa á rẹ́. Èmi ò pa á rẹ́."

"Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí ránṣẹ́ sí wọn?"

Ojú-Inú wo òkè àjà. Lóòótọ́, kò mọ̀ọ́mọ̀. Àwòrán ìkùukùu ló dì ránṣẹ́, ìkùukùu lóríṣiríṣi, èyí tó ń ronú àti èyí tó ń kábàámọ̀, àṣé fọ́tò àga kan ti há sáàárín wọn. Àwọn adájọ́ ní àwọn dúpẹ́ fún ìkùukùu, ṣùgbọ́n àga yẹn! Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò tíì ṣú tí òun fúnra rẹ̀ fi gbà pé àga ni òun ń rò látilẹ̀wá, pé ìkùukùu kàn jẹ́ aṣọ tí òun fi bò ó ni.

"Ẹ̀mí mi ló mọ̀ọ́mọ̀," ó fèsì.

"Etí dà níbẹ̀?"

"Etí kẹ̀? Àǹtí, ẹ má bínú sí mi o. Kí gan-an ni ìran tiyín? Tí ẹ bá ti fi ojú sí kámẹ́rà, kí lẹ máa ń wá?"

"Etí."

"Lẹ́yìn etí?"

"Ọrùn."

"Ta ló mí sí yín? Ẹni kan á ṣáà wà tó tan iná yìí sí yín nínú."

Àǹtí fi aṣọ ìnulẹ́ǹsì sílẹ̀. "Òṣìṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà ni. Ó ju fọ́tò oníbàárà mi padà lójú gbogbo èèyàn, ó ní etí kan ṣoṣo lòun rí. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti gbà fún ẹnikẹ́ni. Ìyá ìyàwó o, ọ̀gá ilé-ìwé o, kó gbé gèlè kúrò létí."

"Ìmísí nìyẹn, Àǹtí!"

"Ìbínú ni. Jọ̀ọ́, kí ni pupa igun ibí yìí?"

Ojú-Inú ti ń retí ìbéèrè yìí látìgbà tó ti wọlé. Ó di ojú rẹ̀ méjèèjì.

"Pupa yẹn gan-an ló mú wọn. Omi bọ́ lójú ọ̀kan nínú àwọn adájọ́. Mo sọ fún wọn pé ọjọ́ tí bàbá mi ń kú lọ..."

"Bàbá rẹ tó pè ọ́ lánàá?"

"Bàbá inú, Àǹtí. Bàbá inú àwòrán. Ó ń kú lọ, oòrùn ń wọ̀, ìtànṣán kan gba ojú fèrèsé wọlé, ó bà lé mi léjìká bí ọwọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń wá pupa yẹn. Mo gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀."

"Ìwọ? Ta ló wá ń jẹ búrẹ́dì mi nínú dúrọ́ọ̀ yìí?"

Àǹtí sún mọ́ fọ́tò títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Lójijì, ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀, tó kun èékánná rẹ̀ ní pupa, ó sì yára ki ọwọ́ náà bọ abíyá bí ẹni tí òtútù ń mú.

Inú Ojú-Inú dùn. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ òun ti wọ Àǹtí lára nìyẹn.

"Ó ti wọlé, àbí?"

"Ojú-Inú, lọ gbà á padà."

"Kí lẹ wí?"

"Pè wọ́n, kí o ní àṣìṣe ni. Kí wọ́n gbé ìkùukùu kan kọ́ síbẹ̀. Ìkùukùu ò pa ẹnikẹ́ni lára."

"Háà! Àǹtí! Ẹ̀yin náà ń jowú mi?"

"Owú kọ́, ìtìjú ni. Àwọn mélòó ló máa rí i?"

"Gbogbo ìlú! Wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sára pátákó ńlá ní títì. Pupa yẹn nìkan á ga ju ilé yìí lọ."

"Yéè!" Àǹtí rọra jókòó sórí àga àwọn oníbàárà. "Wọ́n ti bà mí jẹ́."

"Ẹ gbọ́, ìgbà tí ẹ bá ń kọjá lọ, ẹ lè máa sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ mọ̀ mí."

"Dákẹ́ ná. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó o fi àwọn fọ́tò náà ránṣẹ́, ta ló ṣí sitúdíò láàárọ̀?"

"Èmi wà létí odò lọ́jọ́ yẹn."

"Ta ló wá dán iná wò?"

Àǹtí yọ ọwọ́ kúrò lábíyá. Ó dìde, ó gbé kámẹ́rà, ó na ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ gbọọrọ sókè bí ẹni tí kò fẹ́ kí ìka náà kan nǹkan kan, ó sì ya àga lẹ́ẹ̀kan. Ó fi fọ́tò náà han Ojú-Inú lẹ́yìn kámẹ́rà. Àga náà nìyẹn, ó ń tòògbé. Pupa náà nìyẹn ní igun rẹ̀.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kun èékánná tán lọ́jọ́ náà ni," Àǹtí ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Kò tíì gbẹ. Mi ò fẹ́ kó kan ara kámẹ́rà, ni mo bá na ìka síta."

Ojú-Inú di ògiri mú. Ojú inú tó fi ń jẹ́ Ojú-Inú, táìsì nìkan ló ń rí báyìí: táìsì funfun, táìsì aláwọ̀ ewéko, àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó na bàtà iṣẹ́ sí i.

"Àǹtí, ó ti yé mi. Orúkọ yín lẹ fẹ́ kí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pín in. Kí àga jẹ́ tiyín, kí pupa jẹ́ tèmi."

"Orúkọ ta? Orí rẹ pé? Gbogbo ọjọ́ ayé mi tí mo fi ń ya fọ́tò, kí wọ́n wá gbọ́ pé ìka mi wọ lẹ́ǹsì? Ta ló máa tún gbé ọmọ rẹ̀ wá síbí? Wọ́n á ní, 'Ẹ má lọ bá Etí-Méjì o, ìka tirẹ̀ ló ń yà!' Orúkọ mi ò gbọdọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ fọ́tò yẹn kọjá!"

"Ṣé kí orúkọ tèmi ṣì wà níbẹ̀ ni?"

"Tí mo bá lè sun ún, màá sun ún. Tí kò bá ti ṣeé sun, kó yáa jẹ́ tìẹ."

Omi lé ròrò sójú Ojú-Inú. "Àǹtí, irú ọkàn wo lẹ ní yìí?"

"Ọkàn kọ́. Oníbàárà mi ni mò ń dáàbò bò."

Fóònù Ojú-Inú dún. Ó nu ojú, ó gbé e sétí, ó sì sọ ohùn rẹ̀ di ohùn ẹni tó ń gbààwẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ni. Fídíò kẹ̀? Nísinsìnyí? Ẹ fẹ́ rí bí mo ṣe ń pe pupa náà wá... lójú yín... pẹ̀lú ọwọ́ mi. Rárá o, sà, mi ò fi kọ̀ǹpútà ṣe é! Kò sí wàhálà kankan. Ẹ máa bọ̀."

Ó gbé fóònù kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin kalẹ̀.

"Àwọn ará ilé àfihàn ti wà ní ìkóríta. Wọ́n fẹ́ kí n ṣe pupa náà lójú kámẹ́rà wọn. Wọ́n ní àwọn kan ti ń sọ pé kọ̀ǹpútà ni mo fi ṣe é. Bí mi ò bá lè ṣe é, wọ́n á gbé ti ẹlòmíì kọ́ síbẹ̀."

"Táìsì," Àǹtí ní.

"Ẹ má dárúkọ rẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ẹ̀yìn aṣọ ògiri yẹn, kí ẹ sì na ìka sí mi tí mo bá wúkọ́."

"Kí fídíò wá rí ọwọ́ mi? Láéláé."

Ojú-Inú já kámẹ́rà gbà. Ó na ìka tirẹ̀ síwájú lẹ́ǹsì, ó ya àga. Àwọn méjèèjì forí kan orí láti wò ó.

"Ó jọ ìkùukùu," Ojú-Inú ní.

"Ó jọ ọ̀dùnkún."

Ọkọ̀ kan dúró níta. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa dé, òmíràn tún pa dé. Ojú Ojú-Inú rìn káàkiri yàrá títí ó fi dé ojú fèrèsé, níbi tí ìgò kútẹ́ẹ̀sì kékeré kan dúró sí, pupa, ìdérí rẹ̀ dúdú.

"Àǹtí."

"Rárá."

"Àǹtí mi. Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dákun."

"Ojú-Inú, bàbá ọmọ ni ọ́ o!"

"Ayàwòrán ni mí."

"Tí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ohun tó wà níka rẹ ńkọ́?"

"Màá ní ọ̀fọ̀ bàbá mi ni mò ń ṣe."

"Bàbá tó pè lánàá."

"Bàbá inú!"

Àǹtí mí kanlẹ̀, irú mímí tí wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mí látàárọ̀. Ó mú ìgò náà, ó fi ẹnu tọ́ka sí àga. Ojú-Inú jókòó, ó na ìka ìfábẹ̀lá fún un, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọmọdé tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́.

"Kojú síbí. Mi ò rí etí rẹ kejì."

"Àǹtí, ẹ ṣe kíá!"

Àǹtí ò ṣe kíá. Ó kùn ún lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún kùn ún lójú ibì kan tí kò pọ́n tó. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ojú-Inú fò dìde, ó na ọwọ́ láti lọ ṣí i. Àǹtí gbá a lọ́rùn ọwọ́ mú, ó sì fà á padà sórí àga.

"Jókòó jẹ́ẹ́! Má fi kan nǹkan kan. Ìran rẹ ò tíì gbẹ."